Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn sáfà ilé mi lóròòru: èwo ni kí n kọ́kọ́ tì?

Àkànní, Abẹ́òkúta:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi gbogbo. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni mo gbé kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan tó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi jáde, mo nù ún, mo fi Ubuntu Server 24.04 (ètò Linux tó ń darí kọ̀ǹpútà) sí i, mo sì sọ ọ́ di sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń pín fáìlì fún àwọn yòókù, nínú yàrá ìgbàlejò wa. Ohun tí mo ń wá kò ju ibi tí n ó kó ohun ìní ìdílé wa sí lọ: ohùn bàbá wa tí a gbà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pa àlọ́ fún àwọn ọmọ-ọmọ wọn kí wọ́n tó fi ayé sílẹ̀, fọ́tò ìgbéyàwó, àti àwòrán àwọn ìwé ilẹ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí wọ́n ń gbé ní Manchester náà fẹ́ máa gbọ́ ohùn bàbá wa, nítorí náà ni mo ṣe wọ inú ráútà lọ, tí mo ṣí ẹnu ọ̀nà méjì (port) sí ìta: 22, tí èmi ń gba inú SSH, ètò tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn, wọlé láti ibi iṣẹ́, àti 8080, tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbà dé inú Nextcloud, ètò tí mo kó fáìlì ìdílé wa sí.

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé tó kọjá ni mo ṣèèṣì ṣí fáìlì /var/log/auth.log, ibi tí sáfà ń kọ ìgbìyànjú ẹni tó bá fẹ́ wọlé sí. Irú ìlà kan náà ló tò jọ níbẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀:

Failed password for invalid user admin from 203.0.113.45 port 51514 ssh2

Ìyẹn ni pé ẹnì kan fi orúkọ admin, tí kò sí lórí sáfà mi, gbìyànjú láti wọlé, kò sì ṣeé ṣe. Wọ́n ti gbìyànjú root, wọ́n ti gbìyànjú admin, ubuntu, test, oracle, postgres àti pi. Mo ka èyí tó wọlé láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ó lé ní 4,000. N kò rí àmì pé ẹnikẹ́ni ti wọlé, ṣùgbọ́n oorun kò kun ojú mi láti ọjọ́ náà. Ìbéèrè mi ni pé, ta ni mo ṣẹ̀? Ṣé ẹni tó mọ̀ mí ni? Nínú gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn sì ń sọ nípa ààbò sáfà, èwo ló yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe? Mo lè tẹ àṣẹ sínú kọ̀ǹpútà bí ẹ bá kọ ọ́ fún mi, ṣùgbọ́n olùkọ́ ìṣirò ni mí, kì í ṣe onímọ̀ kọ̀ǹpútà.

Àdìgún, Èkó:

Ẹ kú wàhálà, Ọ̀gbẹ́ni Àkànní. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ ló ń kan ilẹ̀kùn yín, kì í ṣe ènìyàn, kò sì mọ̀ bóyá olùkọ́ ló ń gbé inú ilé náà tàbí ọba. Àdírẹ́sì IPv4 (nọ́ńbà tí a fi ń mọ kọ̀ǹpútà lórí íntánẹ́ẹ̀tì) tó wà lágbàáyé kò ju bílíọ̀nù mẹ́rin ó lé díẹ̀ lọ. Láti ọdún 2013 ni àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Michigan ti fi irinṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní ZMap hàn wá pé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, tí ìsopọ̀ rẹ̀ bá yára, lè kan ẹnu ọ̀nà kan lórí gbogbo wọn kí ìṣẹ́jú 45 tó pé. Ẹni tó bá ṣí 22 sí ìta láàárọ̀ yìí, kí ilẹ̀ tó ṣú ni wọn yóò ti kàn án.

Ẹ tún wo àwọn orúkọ tí wọ́n ń pè. Kò sí Àkànní nínú wọn. Orúkọ tí ẹ̀rọ àti ètò máa ń gbé bọ̀ láti ọwọ́ ẹni tó ṣe wọ́n ni gbogbo rẹ̀. Ti Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré kan, ni pi tí ẹ rí yẹn, nítorí pé orúkọ pi àti ọ̀rọ̀ ìpamọ́ raspberry ni gbogbo wọn ń bá dé títí di oṣù kẹrin ọdún 2022, tí àwọn tó ń ṣe é fi òpin sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni Mirai, ètò olè kan, ṣe ní ọdún 2016: àkójọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìpamọ́ tí kò ju bí 60 lọ ló gbé dání tó fi kó kámẹ́rà àti ráútà rẹpẹtẹ lẹ́rú, tí wọ́n sì fi wọ́n kọlu iléeṣẹ́ Dyn, tó ń tọ́ka ibi tí àwọn ìkànnì wà fún kọ̀ǹpútà, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún náà, débi pé Twitter àti Netflix kò ṣeé ṣí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà fún wákàtí mélòó kan.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe ni kí ẹ gba agbára lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ ìpamọ́. Ọ̀rọ̀ ìpamọ́ tí ènìyàn lè há sórí, ẹ̀rọ lè fi àbá mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kan. Kọ́kọ́rọ́ SSH, fáìlì méjì tó bára wọn mu, ọ̀kan lọ́dọ̀ yín, ọ̀kan lórí sáfà, kò ṣeé fi àbá mọ̀. Nígbà tí ẹ bá wà nílé, ẹ tẹ èyí lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká yín, kí ẹ sì fi àdírẹ́sì sáfà tiyín rọ́pò tèmi:

ssh-keygen -t ed25519
ssh-copy-id akanni@192.168.1.20

Yóò bi yín bóyá ẹ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìpamọ́ ti kọ́kọ́rọ́ náà fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe fo ìbéèrè yẹn, nítorí pé kọ̀ǹpútà alágbèéká ṣeé jí gbé nínú ọkọ̀. Bí ẹ bá ti rí i pé kọ́kọ́rọ́ náà ń ṣí ilẹ̀kùn, ẹ wọ inú /etc/ssh/sshd_config, kí ẹ kọ ìlà méjì yìí síbẹ̀, kí ó má gba ọ̀rọ̀ ìpamọ́ mọ́, kí ó má sì jẹ́ kí root, orúkọ alákòóso àgbà, wọlé:

PasswordAuthentication no
PermitRootLogin no

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ sudo systemctl restart ssh. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀ nìyí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ síbẹ̀. Lórí Ubuntu Server, fáìlì kékeré kan sábà máa ń wà nínú /etc/ssh/sshd_config.d tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ 50-cloud-init.conf, ohun tí ó sì máa ń wà nínú rẹ̀ ni PasswordAuthentication yes. Ọ̀rọ̀ tí SSH bá kọ́kọ́ kà ni ó ń tẹ̀ lé, fáìlì yẹn sì ni ó ń kọ́kọ́ kà. Ẹ ó ti kọ no, ẹ ó ti lọ sùn, ilẹ̀kùn yóò sì wà bí ó ti wà. Ẹ má gba ohun tí ẹ kọ gbọ́, ẹ bi ètò náà léèrè fúnra rẹ̀:

sudo sshd -T | grep -i passwordauthentication

Bí ó bá dá yín lóhùn pé yes, ẹ lọ tún fáìlì kejì yẹn ṣe. Ní gbogbo àsìkò tí ẹ bá ń ṣe èyí, ẹ fi ojú fèrèsé kan tí ẹ ti wọlé sílẹ̀ ní ṣíṣí, kí ẹ máa dán an wò láti inú òmíràn, kí ẹ má baà ti ara yín mọ́ ìta.

Táíwò, Ìlọrin:

Ọ̀gá Àdìgún ti sọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Èmi ó kàn fi kún un pé kí ẹ gbé SSH kúrò ní 22 lọ sí 2222, kí ẹ sì fi fail2ban sí i. Bí ẹ kò bá yí ètò rẹ̀ padà, àdírẹ́sì tó bá kùnà lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín ìṣẹ́jú 10 ni yóò dí lọ́nà fún ìṣẹ́jú 10 mìíràn. Láti ọjọ́ tí mo ti ṣe méjèèjì ni auth.log tèmi ti dákẹ́ rọ́rọ́, mo sì gbà pé ìyẹn tó fún sáfà ilé.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn:

Táíwò àbúrò mi, o ṣeun, fail2ban kò burú, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí Ọ̀gbẹ́ni Àkànní gbà pé ìdákẹ́jẹ́ auth.log ni ààbò. Láti ọdún 2009 ni Shodan ti wà, tó ń kiri ayé, tó ń kọ ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ àti ohun tó ń dáhùn níbẹ̀ sínú ìwé àwárí rẹ̀. Kò ṣòro fún un láti rí 2222. Fail2ban náà, bí olè bá ní ẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kàn ń kàn ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kì yóò rí ẹni tí yóò dí. Kọ́kọ́rọ́ tí Àdìgún sọ ni ìdè gidi. Àwọn méjì tìrẹ kàn ń dín ariwo kù ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi, nítorí pé auth.log tèmi náà dákẹ́ nígbà tó ṣẹlẹ̀. Bátìrì inverter wa máa ń gbé sáfà àti gílóòbù méjì láti agogo mẹ́wàá alẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kú lágogo méjì òru. Mo pe oníná, ó yẹ bátìrì náà wò, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Ní òru ọjọ́ kejì, mo jókòó ti sáfà nínú òkùnkùn, mo sì gbọ́ fáànù rẹ̀ tó ń hó bí ẹ̀rọ ìlọta, nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni tó ń lò ó. Mo tẹ top, àṣẹ tó ń fi ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà hàn. Lókè pátápátá ni mo ti rí orúkọ kan, kdevtmpfsi, tó gba gbogbo agbára kọ̀ǹpútà náà tán. Linux ní iṣẹ́ abẹ́lé kan tó ń jẹ́ kdevtmpfs. Lẹ́tà i kan ṣoṣo ni àwọn olè yìí fi kún un kí ojú má baà dá a mọ̀. Mo pa á, kò tó ìṣẹ́jú kan tó tún fi dìde. Ètò kan tí wọ́n ń pè ní Kinsing ló ń jí i, iṣẹ́ tó sì ń ṣe ni pé ó ń fi iná mànàmáná ilé mi wa Monero, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, fún ẹni tí n kò rí rí.

Ibi tí wọ́n gbà wọlé ló dùn mí jù. Mo ní ufw, ògiri ààbò Ubuntu, lórí sáfà náà, mo sì ti pàṣẹ fún un pé kí ó dí ohun gbogbo tó ń bọ̀ láti ìta àyàfi SSH. Àmọ́ Docker, tó ń gbé ètò dìde nínú àpótí tirẹ̀, ni mo fi gbé Redis, ètò ìkó dátà sí, dìde, mo kọ 6379:6379 sí i láti ṣí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mi ò fi ọ̀rọ̀ ìpamọ́ kankan sí i, mo sì ti fi gbogbo sáfà náà sí abẹ́ ohun tí ráútà ń pè ní DMZ, tó ń ṣí gbogbo ẹnu ọ̀nà sáfà sí ìta, kí n má baà máa ṣí ẹnu ọ̀nà lọ́kọ̀ọ̀kan. Docker máa ń kọ òfin tirẹ̀ sínú iptables, ìwé òfin ògiri ààbò Linux, òfin yẹn kì í sì í gba ọ̀dọ̀ ufw kọjá. Ufw ń sọ fún mi pé ilẹ̀kùn wà ní títì, ilẹ̀kùn sì ṣí gbayawu. Bí ẹ bá ń lo Docker, ẹ kọ 127.0.0.1:6379:6379, kí ó lè jẹ́ pé inú sáfà nìkan ni wọ́n ti lè dé ibẹ̀. Èmi kò gbìyànjú láti fọ sáfà náà mọ́. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo sì tò ó láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, torí pé n kò lè mọ iye kọ̀rọ̀ tí wọ́n ti fi nǹkan pamọ́ sí.

Ọ̀gbẹ́ni Àkànní, gbogbo ìyẹn ni mo ní lọ́kàn tí mo fi sọ pé 8080 yín ń bà mí lẹ́rù ju 22 lọ. Mo gbà pé http lásán ni, kì í ṣe https tó ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ lójú ọ̀nà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ní gbangba ni ọ̀rọ̀ ìpamọ́ ẹ̀gbọ́n yín ń rìn láti Manchester dé Abẹ́òkúta, ẹnikẹ́ni tó bá sì jókòó sí ojú ọ̀nà lè kà á. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ ti 22 àti 8080 pa lórí ráútà, kí ẹ má ṣe yí wọn sí nọ́ńbà mìíràn, kí ẹ sì ṣí ẹyọ kan ṣoṣo, UDP 51820, fún WireGuard, ọ̀nà àdáni (VPN) tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ ilé. Inú Linux fúnra rẹ̀ ni WireGuard wà láti ìgbà ẹ̀dà 5.6, ní oṣù kẹta ọdún 2020. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé kì í dá ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ lóhùn rárá. Ẹni tó bá kan ibẹ̀ kò ní gbọ́ pé ẹnikẹ́ni wà nílé.

Ẹ má sì bẹ̀rù pé ẹ̀gbọ́n yín kò ní lè lò ó. Bí ẹ bá ti kọ fáìlì WireGuard tiwọn tán, ẹ tẹ èyí:

qrencode -t ansiutf8 < egbon.conf

Àwòrán onígun mẹ́rin dúdú àti funfun yóò yọ lójú kọ̀ǹpútà yín. Kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà alágbèéká wọn gba ìpè fídíò, kí ẹ fi àwòrán náà hàn wọ́n, kí wọ́n sì na fóònù wọn, pẹ̀lú áàpù WireGuard, sí i. Kọ́kọ́rọ́ gan-an ló wà nínú àwòrán yẹn, nítorí náà ẹ má fi ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ WhatsApp ìdílé.

Kọ́lá, Òṣogbo:

Ẹ forí jì mí bí mo ṣe gba ibi kékeré wọ inú ọ̀rọ̀ yín. Ẹni tó bá jẹ́ pé ráútà onísíìmù ló ń lò, kí ó kọ́kọ́ wo àdírẹ́sì tí ráútà rẹ̀ gbà láti ìta. Bí ó bá bọ́ sí àárín 100.64 sí 100.127, òun àti ọ̀pọ̀ ènìyàn ló jọ ń lo àdírẹ́sì kan, kò sì sí ẹnu ọ̀nà tó lè ṣí sí ìta bó ti wù kó ṣe é. Tailscale ni èmi lò níbẹ̀. WireGuard ló wà lábẹ́ rẹ̀, sáfà fúnra rẹ̀ ló sì ń ti inú jáde lọ pàdé ẹni tó ń wá a.

Bọ́sẹ̀, London:

Ẹ kú ọgbọ́n, Ìyá Ìbejì. Ohun tí n kò tíì rí kí ẹnikẹ́ni béèrè ni èyí: ohùn bàbá yẹn, ibo ni ẹ̀dà rẹ̀ kejì wà? Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, Qlocker, ètò olè kan, wọ inú àpótí ìpamọ́ QNAP tí àwọn ènìyàn so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé wọn, ó fi 7-Zip di àwọn fáìlì wọn, ó fi ọ̀rọ̀ ìpamọ́ tì wọ́n, ó sì ní kí wọ́n wá san 0.01 Bitcoin. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2022, DeadBolt tún dé bá àwọn àpótí yẹn kan náà, 0.03 ni òun béèrè. Ẹni tó ní ẹ̀dà níbòmíràn kàn tún ẹ̀rọ rẹ̀ tò ni. Ẹni tí kò ní, fọ́tò ọmọ rẹ̀ ló ń ná owó lé lórí.

Ẹ̀dà mẹ́ta, lórí irú nǹkan ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà níta ilé yín: èyí ni àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń tẹ̀ lé. Háàdì díìsìkì tó bá wà lára sáfà nígbà gbogbo kò ṣeé kà sí ẹ̀dà, torí pé ohun tó bá wọ sáfà yóò wọ òun náà. Ẹ so ó mọ́ ọn, ẹ kó nǹkan sí i, kí ẹ sì yọ ọ́. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ mú fáìlì kan ṣoṣo jáde láti inú ẹ̀dà náà, kí ẹ sì tẹ́tí sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ti rí ẹni tó ṣe ẹ̀dà fún ọdún méjì gbáko, tó jẹ́ pé fáìlì òfìfo ló ń kó jọ.

Nípa àtúnṣe, Ubuntu ti ní unattended-upgrades tó ń gba àtúnṣe ààbò fúnra rẹ̀. Ẹ wo /etc/apt/apt.conf.d/20auto-upgrades bóyá 1 ló wà níbẹ̀. Ẹ̀dà 24.04 yín yóò máa rí àtúnṣe ọ̀fẹ́ gbà títí di ọdún 2029. Ṣùgbọ́n kì í fọwọ́ kan Nextcloud tàbí ohun tí ẹ fi Docker gbé dìde, ẹ̀yin ni yóò máa ṣe ìyẹn. Ẹ sì má fi falẹ̀: oṣù kẹta ọdún 2017 ni Microsoft ti mú oògùn ihò tí WannaCry, ètò olè tó ń ti fáìlì pa, gbà wọlé jáde, ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ni WannaCry tó dé, àwọn tí kò tíì lò ó ló sì kó lọ.

Àkànní, Abẹ́òkúta:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi, Olúwa yóò bù kún yín. Òpin ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ṣe é. Ọ̀gá Àdìgún, yes ni sshd -T dá mi lóhùn, lẹ́yìn tí mo ti kọ no tí ọkàn mi sì ti balẹ̀. Fáìlì cloud-init yẹn gan-an ni. Mo ti tún un ṣe. Mo ti 22 àti 8080 pa, 51820 nìkan ló kù, mo sì fi dátà orí fóònù mi kan ilé láti ìta, kò sí ohun tó dá mi lóhùn. Láti àná, ìlà kan ṣoṣo ló wọ auth.log, èmi sì ni. Ìyá Ìbejì, http lásán ni lóòótọ́, a ti pa ọ̀rọ̀ ìpamọ́ ẹ̀gbọ́n mi àtijọ́ tì. Ìpè fídíò tí ẹ sọ ṣiṣẹ́ ní ìgbà kejì, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà mi pọ̀ jù nígbà àkọ́kọ́. Àlọ́ Ìjàpá àti Yánníbo ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí, wọn kò sì lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ohun kan ló kù. Nígbà tí mo wà nínú ráútà, mo rí ẹnu ọ̀nà kẹta, 34567, tí n kò ṣí. Kámẹ́rà tí a gbé sí ẹnu géètì ló ń lò ó. Báwo ló ṣe débẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn:

UPnP ni. Kámẹ́rà náà bẹ ráútà pé kó ṣílẹ̀kùn fún òun, ráútà sì gbà láìbi yín. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, Ọ̀gbẹ́ni Àkànní: inú ilé kan náà ni kámẹ́rà yẹn àti sáfà ń gbé, ẹni tó bá sì gba kámẹ́rà ti wọ ilé. Ẹ pa UPnP lórí ráútà, ẹ tún ráútà tàn, kí ẹ wò ó bóyá 34567 ti lọ. Ẹ yí ọ̀rọ̀ ìpamọ́ tí kámẹ́rà bá dé padà. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àlejò lórí ráútà, kí ẹ gbé kámẹ́rà àti tẹlifíṣọ̀n síbẹ̀, kí wọ́n má baà lè dé ọ̀dọ̀ sáfà mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ wo ẹnu géètì láti ibi iṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, inú WireGuard ni kí ẹ gbà. Ẹ ó ní láti fi ìlà kan kún òfin ráútà kí ó lè dé ibẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ráútà náà síbí, n ó sọ ibi tí ẹ ó ti rí i.